Pásípọ́ọ̀tù Ìkùukùu Ojú Ọ̀run

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹ kọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Mi ò ní sọ pé kí ẹ wá kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Fóònù ti sọ gbogbo ayé di oní-fọ́tò, títí kan ẹni tó máa ń gé orí bàbá ìyàwó sọnù. Ohun tí mo lè sọ ni bí iṣẹ́ ṣe kọ́ èmi lẹ́kọ̀ọ́, bó ṣe dójú tì mí lọ́dún kan, àti bó ṣe tún gbé mi níyì. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ya fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Mo ya ìyàwó, mo ya ìkómọ, mo ya olóyè tó ní kí n bá òun fi eyín tó ti ká síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí mo fi ń yangàn jù, kì í ṣe ti ènìyàn rárá. Ìkùukùu kan ni, tó ń tàn láàárín àwọn ìràwọ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa la ti yà á, èmi àti bàbá ọkọ mi, nígbà tí ojú bàbá náà ń lọ.

Iresi ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin iṣu àti kòkó, ó sì fẹ́ kí n di tíṣà. Mo kọ̀. Mo ti rí Ọ̀gá Múfú oní-fọ́tò nígbà tó wá ya ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bó ṣe fi aṣọ dúdú borí, tó ń pàṣẹ fún àwọn àgbààgbà pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, tí gbogbo wọn sì ń gbé e. Mo ní iṣẹ́ tí ènìyàn ti lè pàṣẹ fún àgbà láìjẹ̀bi, òun ni mo fẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí, ó sì mú mi lọ bá a ní Ìlá.

Ọ̀gá Múfú kì í fi nǹkan ṣeré. Ní ọdún kìíní, ilẹ̀ ni mo gbá, omi ni mo pọn. Ọdún kejì ló tó jẹ́ kí n wọ yàrá òkùnkùn níbi tí a ti ń fọ fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá fíìmù láyé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí a bá fọ fíìmù tán, ohun tó yọ lára rẹ̀ là ń pè ní nẹgẹ́tífù. Ohun tó funfun lójú ayé, dúdú ló máa ń rí níbẹ̀. Ohun tó dúdú á wá mọ́ gaara. Ara nẹgẹ́tífù yìí la ti ń tẹ fọ́tò sórí pépà. Iṣẹ́ tí òkìkí Ọ̀gá Múfú fi dé Ọ̀tan Ayégbajú ni rítọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ni kó gbé nẹgẹ́tífù lọ sójú fèrèsé kó sì tún un ṣe kó tó tẹ̀ ẹ́. Pẹ́ńsùlù ló fi ń dí ojú tó hunjọ. Abẹ ló fi ń ha àbàwọ́n dúdú kúrò, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja tí kò tó ọmọ ìka.

Òfin kan ló ní, kò sì rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ ọ́. "Ohunkóhun tó bá ṣe rúdurùdu lára nẹgẹ́tífù, ìdọ̀tí ni. Má bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ha á dànù."

Lọ́jọ́ kan, mo fi àmì omi kan sílẹ̀ lára fọ́tò ìyá kan tó wá láti Ire. Kò tó orí abẹ́rẹ́. Ọ̀gá Múfú rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ọ̀gá, kò sí lójú ìyá náà, ara ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà."

"Ìyá náà ló ni ògiri?"

"Rárá, sà."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ṣé ògiri mi dọ̀tí ni?"

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo tún fọ́tò yẹn tẹ̀. Mo sunkún, mo sì bú u nínú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ṣe fíríìdọ̀mù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọwọ́ mi ti mọ abẹ débi pé mo lè máa ha nẹgẹ́tífù kí n máa kọrin lọ. Ẹ fi orin yẹn sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀.

Mo fẹ́ ọkọ sí Ìlá. Tíṣà ni ọkọ mi, Ọ̀tan Ayégbajú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọlé, ọjọ́ Ajé ló máa ń padà. Mo ń gbé nínú ilé àwọn ẹbí rẹ̀, mo sì ṣí ilé fọ́tò tèmi sí yàrá iwájú. Àwọn àgbà méjì ló wà nínú ilé náà: bàbá ọkọ mi, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ló ń ṣọ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀. Tí orúnkún rẹ ò bá kanlẹ̀ dáadáa, á ní, "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?" Kì í sì í ṣe pé ó ń ṣàánú rẹ.

Bàbá ọkọ mi, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Awọnlẹ̀, nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ṣe fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, nínú igbó tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń ní kó fi awò iṣẹ́ wo ìràwọ̀ lálẹ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dé. Níbẹ̀ ló ti rí i. Ìràwọ̀ mẹ́ta kan máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀run nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin náà ti rí wọn rí. Àwọn kéékèèké mẹ́ta mìíràn so kọ́ sábẹ́ wọn. Èyí tó wà láàárín àwọn kéékèèké yìí, ìràwọ̀ lásán kọ́. Ìkùukùu ni, ó ń tàn bí èémí lójú dígí.

Bàbá sọ fún mi pé, "Mo ṣe bí dígí awò ló dọ̀tí ni. Mo nù ún títí. Kò kúrò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀."

Ó gbé nǹkan yẹn sọ́kàn láti ìgbà ọ̀dọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àbúrò rẹ̀ kan tó ń gbé lókè òkun wá sílé ọdún, ó sì bá a gbé awò awọ̀nàjíjìn kan bọ̀, èyí tó gùn tó apá mi méjèèjì. Bàbá gbé e kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi obì. Alaalẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ibẹ̀ lẹ ti máa bá a. Àwọn aládùúgbò ní ó ń ṣọ́ olè.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Ìbàdàn, ó pè mí kí n jókòó. Kì í pè mí jókòó rí.

Ó ní, "Ìyàwó mi, mi ò rí ìkùukùu yẹn mọ́. Mo ń rí àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, àmọ́ òun ti lọ. Dókítà ní àrùn kan ń jẹ ojú mi láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, bí iná ṣe ń jó oko láti ààlà. Oògùn tí mò ń kán sí i á dá a dúró díẹ̀ ni, kò ní wò ó."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ojú ọ̀sán mi ṣì dáa. Tí o bá lè bá mi yà á sórí pépà, mo lè fi ojú ọ̀sán wò ó. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó tán."

"Ìgbà wo ni wọ́n ní ó máa tán?"

"Wọn ò sọ. Ọdún kan, bóyá méjì."

Ojú lọba ara. Mo ní, "Bàbá, a máa yà á." Mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ẹni tí mo ti ń yà láti ọjọ́ yìí, tí mo bá ní kó dúró, ó máa ń dúró.

Ìràwọ̀ kì í dúró. Ayé ń yí, gbogbo ojú ọ̀run sì ń rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ìkùukùu yẹn ò mọ́lẹ̀ tó ohun tí fíìmù lè rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ogún ìṣẹ́jú ni ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí awò sì máa tẹ̀lé ìràwọ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Bàbá ní kámẹ́rà àtijọ́ kan tí dígí rẹ̀ ti fọ́, tó ń lo fíìmù fífẹ̀ bíi ti ilé fọ́tò mi. A gbé e fún alágbẹ̀dẹ páànù, ó fi agolo mílíìkì so ó mọ́ ìdí awò. Ìdérí agolo náà la fi ṣe ìlẹ̀kùn: tí mo bá ṣí i, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, tí mo bá dé e, ó tán. Bàbá wá gbé awò kékeré kan sórí ńlá. Inú rẹ̀ ni òwú méjì ti dábùú ara wọn, kí a lè fi ìràwọ̀ kan sí oríta wọn kí a sì mú un dúró síbẹ̀. Òwú aláǹtakùn ni. Igun ilé ìdáná Ìyá Àgbà la ti rí i mú, torí Bàbá ní kò sí òwú mìíràn láyé tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà bínú pé a ń fi ilé ìdáná òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ojú Bàbá ṣì lè tẹ̀lé ìràwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Òun ló ń yí ọwọ́ kékeré tó ń gbé awò rìn. Èmi mú ìdérí agolo àti aago dání. Tí iná mànàmáná bá lọ, gbogbo àdúgbò á máa kùn, àwa méjì á máa dúpẹ́. Eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run mọ́ wa lójú. Ọyẹ́ lọ, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun oko, èéfín gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló bàjẹ́. Ní ìgbà keje, òjò kan rọ̀ lọ́sàn-án, ó fọ ojú ọ̀run mọ́, ọwọ́ Bàbá ò sì mì. Mo dé agolo, ó mí kanlẹ̀.

"Èyí wà níbẹ̀," ló wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi mú un lọ sí Ìbàdàn lọ gba oògùn ojú. Mo ní kó tó dé, màá ti fọ fíìmù náà, màá ti tẹ̀ ẹ́, kí n fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fọ́tò ọdún pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo to gbogbo nẹgẹ́tífù sójú fèrèsé, mo mú abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tún ojú ọmọge kan ṣe, mo tún agbádá bàbá kan ṣe, ti Bàbá kàn mí. Mo rí àwọn ìràwọ̀, tóótòòtó dúdú. Ní àárín gan-an, ọ̀kan tóbi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ràn ká díẹ̀. Mo ní ìkùukùu náà nìyẹn. Ní igun kan lápá ìsàlẹ̀, nǹkan kan ṣe rúdurùdu bí ibi tí omi gbẹ sí, igun sì ni omi máa ń gbẹ sí lóòótọ́. Mi ò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Mo ha á dànù, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní. Mo ń kọrin.

Bàbá wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́tò náà fún un. Ó lọ sójú fèrèsé, ó fi dígí ọwọ́ wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́.

"Ìyàwó mi, ìkùukùu dà?"

"Òun ló wà láàárín yẹn, Bàbá."

"Ìràwọ̀ nìyí." Ó fi ìka tọ́ igun náà. "Kámẹ́rà yẹ̀ díẹ̀ nínú agolo. Ibí ló yẹ kó wà. Kí ló wà níbí?"

Mo ní, "Àbàwọ́n kan ló wà níbẹ̀, Bàbá. Mo ti ha á kúrò."

Kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá dùn mọ́ mi. Ó rọra gbé fọ́tò náà sórí tábìlì, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn òjò gba ilẹ̀, àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta náà sì ti ń sún mọ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀. A ò ní rí wọn dáadáa mọ́ títí di ọyẹ́ mìíràn. Ọdún kan nínú ọdún kan àbí méjì tí dókítà fún un, èmi ni mo fi abẹ ha á sọnù. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Mo sá lọ bá Ọ̀gá Múfú, mo rò fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó gbọ́ ti ojú Bàbá, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní ó yá. Ọ̀gá ló máa ń lọ bẹ̀bẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ àgbà, ìbáà jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ náà ti gba fíríìdọ̀mù, ìbáà jẹ́ pé ó ti di ìyá ọmọ. Nígbà tí a délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹnu ọ̀nà Bàbá.

"Bàbá, èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo ní ohun tó bá ṣe rúdurùdu, kó ha á dànù. Ẹ bá èmi wí."

Bàbá wò ó nílẹ̀. Ó ní, "Dìde, Múfú. Èmi náà nù ún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọlọ́run ló yọ mí, n kò ní abẹ lọ́wọ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí Ọ̀gá Múfú ń lọ, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n mú abẹ mi wá. Ó fi pépà wé e, ó fi í sápò. "Ojú ènìyàn ni mo fún ọ láṣẹ lé lórí," ló wí. "Mi ò fún ọ láṣẹ lórí ojú ọ̀run."

Bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́dún yẹn ni ojú Bàbá ń dín kù. Nígbà tó di oṣù kẹfà, kò lè mú ìràwọ̀ kan dúró sí oríta òwú mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó ní èmi ni màá máa yí awò, òun á máa ka ìṣẹ́jú àáyá fún mi. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ wo ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ nígbà òjò?

Bàbá rán mi lọ ra ìgbín. Ó fi ẹfun kán àmì kan sí ìkarahun rẹ̀, ó ní kí n lọ fi í sára ògiri tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún. Ó ní kí n wọ́ awò sí i, kí n fi àmì ẹfun sí oríta òwú, kí n sì mú un dúró níbẹ̀ bí ìgbín ṣe ń rìn. Nínú awò yẹn, gbogbo nǹkan dorí kodò ni. Ìgbín mi ń fi ẹ̀yìn rìn lójú ọ̀run. Tí mo bá yára yí i, mo ti kọjá rẹ̀. Tí mo bá lọ́ra, ó ti lọ.

Bàbá á jókòó sẹ́yìn mi, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O tún ti fagbára mú un."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá? Ẹ ò rí i."

"Mo ń gbọ́ èémí rẹ."

Ó le ju Ọ̀gá Múfú lọ. Tí mo bá pàdánù ìgbín lẹ́ẹ̀kan, a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tẹ̀lé ìgbín kiri ara ògiri. Ìyá Àgbà ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò bóyá wọ́n ti rí ibi tí ìyàwó ilé ti ń ṣọ́ ìgbín rí. Ìgbà tó tó ogún ìṣẹ́jú tí àmì ẹfun ò kúrò lójú òwú, Bàbá ní ó tó. A se olùkọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó dùn.

Ọdún yẹn náà ni fíìmù aláwọ̀ gba ìlú. Ẹ̀rọ dé Òṣogbo, ó ń fọ̀, ó ń tẹ̀, láàárín wákàtí kan fọ́tò ti jáde, kò sì sí ẹni tó ń fi abẹ tàbí pẹ́ńsùlù kàn án. Àwọn oníbàárà ò bèèrè rítọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn akẹgbẹ́ mi kan ti ilé fọ́tò wọn pa, wọ́n lọ ń ta aṣọ. Èmi gba ti ẹ̀rọ náà fún iṣẹ́ òòjọ́, mo ń kó fíìmù lọ sí Òṣogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì bà mí nínú jẹ́ bí ẹ ṣe rò. Ṣùgbọ́n fíìmù dúdú òun funfun fífẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Ẹyọ mẹ́ta péré, fọ́tò kan lára ẹyọ kan, ni mo rí kó jọ fún ọyẹ́ tó ń bọ̀.

Ọyẹ́ dé. Nígbà yẹn, Bàbá ti ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, omi tó bá fẹ́ bù sí ife, ilẹ̀ ló ń lọ. Fíìmù kìíní bàjẹ́ nítorí eruku. Fíìmù kejì, ojú ọ̀run mọ́, ọwọ́ mi balẹ̀, mo ti lo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìyá Àgbà ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kí orí mi tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Ẹ kú alẹ́, mà." Orí mi gbá awò, ìkùukùu lọ, fíìmù kejì di òfo.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá pe èmi àti Ìyá Àgbà sí pálọ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, tí ojú ìyàwó ilé yìí bá ti wà nínú awò, kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mú ìràwọ̀ dání kì í kúnlẹ̀."

Ìyá Àgbà ní, "Ṣé ìràwọ̀ ti wá jù mí lọ nínú ilé yìí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ju gbogbo wa lọ. Fíìmù kan ló kù. Ojú mi náà, bí a ṣe ń wò ó nìyẹn."

Ìyá Àgbà wo ojú àbúrò rẹ̀ títí. Ó dìde, ó jáde lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀ nínú oṣù kejì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo fi fíìmù tó kẹ́yìn sí i, mo wá ìràwọ̀, mo fi í sí oríta òwú. Bàbá na ọwọ́, ó ṣí agolo fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Mo ń yí ọwọ́ awò bó ṣe ń kà, n kò yára, n kò lọ́ra.

Ó tó ìdajì nígbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Ìyá Àgbà ni. Orúnkún mi fẹ́ tẹ̀, mo mú un le. Ìyá Àgbà ò kí wa. Ó jókòó sórí odó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀fọn kan bà lé apá mi, mi ò lè gbá a. Mo wá rí i pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lápá, lọ́rùn, lẹ́sẹ̀. Etí ìró Ìyá Àgbà ni. Ó ń fi í lé ẹ̀fọn fún mi, ó ń fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó má baà kan awò. Títí Bàbá fi kà á tán tó sì dé agolo, kò sinmi.

Ìgbà náà ni mo tó gbé ojú kúrò nínú awò, mo kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Àgbà ní, "Èyí tó kanlẹ̀ nìyẹn."

Mo fọ fíìmù náà kí n tó sùn. Ní àárọ̀, mo gbé e sójú fèrèsé. Ó wà láàárín gan-an, ó na apá méjì bí ẹyẹ tó fẹ́ bà. Mi ò ha nǹkan kan. Fọ́nrán òwú kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ìsàlẹ̀ nígbà tó ń gbẹ, ó sì ti wọ ara rẹ̀. Ọwọ́ mi lọ síbi tí abẹ máa ń wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mo padà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ tóbi tó ọpọ́n ìjẹun, torí mo rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ, nǹkan ńlá ló máa rí. Bàbá gbé e dání, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń gbé orí lọ gbé orí bọ̀.

"Mo ń rí ewé, ìyàwó mi. Mi ò rí igi náà."

Mo wò ó bó ṣe ń wá a. Àárín ojú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, bí ẹni ń yọjú wo nǹkan láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Fọ́tò náà tóbi ju ihò lọ. Mo sáré padà sínú yàrá òkùnkùn. Fọ́tò wo ni ọwọ́ oní-fọ́tò mọ̀ jù láyé? Mo tẹ̀ ẹ́ ní pásípọ́ọ̀tù, bíi ti ẹni tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́. Ara rẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa tí mo fi gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó gbé e síwájú ojú rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó sún un mọ́ ojú, ó fà á sẹ́yìn, ó tún sún un mọ́ ọn. Orí rẹ̀ dúró.

"Òun nìyí," ló wí. "Òun gan-an nìyí. Kò tíì dàgbà."

Ìyá Àgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi etí ìró nu ojú. Bàbá ò gbé fọ́tò náà kúrò níwájú.

"Kí ni nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún yìí?"

"Ìdọ̀tí ni, Bàbá. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ojú rẹ̀ ṣú pátápátá kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Ó sì tún lo ọdún mẹ́sàn-án láyé lẹ́yìn ìyẹn, ó ń jẹun, ó ń fi ìgbín ṣe mí yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá Múfú kò dá abẹ mi padà, èmi náà ò bèèrè rẹ̀. Mo lo ẹ̀rọ aláwọ̀, mo lo kámẹ́rà tí kò ní fíìmù, mo rí ayé tí fóònù ń dán ojú ènìyàn bí ìṣasùn títí ìyá ò fi ní mọ ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ yówù kí ẹ kọ́, ẹ kọ́ ọ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ máa ṣe é kí ojú máa kọrin. Inú mi dùn sí èyí tí mo ṣe.

Inú àpò awò ojú rẹ̀ ni Bàbá ń tọ́jú pásípọ́ọ̀tù náà sí. Àlejò tó bá wá kí i, á yọ ọ́ fún un, á ní kó wò ó. Àlejò á gbà á, á máa wò ó tìyanutìyanu. Bàbá, tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, á bi í pé, "Ǹjẹ́ ẹ rí nǹkan funfun kan bí irun, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún yín?"

"Rárá, Bàbá. Òkè ló wà, lápá òsì."

"Ẹ dorí rẹ̀ kodò nìyẹn. Ẹ yí i."

Àlejò á yí i. Bàbá á wá fẹ̀yìn ti àga, á gbé ojú sókè síbi tí fọ́tò náà wà.

"Ẹ̀hẹn," á wí. "Àwa méjèèjì ti jọ ń rí i báyìí."